Kọ́ Ẹ̀rọ Ìkọ̀wé Rẹ ní Yorùbá

Ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ni bàbá mi fà mí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá onítáìpù kan ní Ṣàgámù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Táípúráítà tí wọ́n gbé síwájú mi ti gbó, lẹ́tà a rẹ̀ a máa há, rìbọ́nù rẹ̀ sì ti ṣá. Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan. Ohun tó ń dùn mí nípa ẹ̀rọ náà ni pé kò gbọ́ Yorùbá. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ.

Bí oníbàárà bá gbé lẹ́tà Yorùbá wá, ohun tí ọ̀gá kọ́ wa ni pé kí a tẹ s, kí a fà á padà sẹ́yìn, kí a yí róòlù kí bébà gòkè díẹ̀, kí a tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ lẹ́tà náà, kí a sì yí róòlù padà sáyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré bí "ẹlẹ́ṣẹ̀" gba ìyípo mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Àmì ohùn ńkọ́? Bíró ni a fi ń fi ìyẹn sí i lálẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ ti ń sinmi, tí ojú tiwa kò tíì sinmi.

Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń ka èyí lórí fóònù, tí àtàǹpàkò rẹ méjì yá ju ìka mẹ́wàá tèmi lọ, mo ní ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ọdún 1976 yẹn kan náà, àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe ohun tí ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ róòlù yẹn. Nǹkan bí ogójì ọdún ni ìròyìn rẹ̀ fi rìn kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù mi. N kò fẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, wọ́n ní ẹ́dítọ̀ kan tí ń jẹ́ TECO. Ẹ́dítọ̀ ni wọ́n ń pe ètò inú kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí a sì fi ń tún un tò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá mọ TECO lò lè di àṣẹ púpọ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, bí ó bá ti pe orúkọ náà, gbogbo àṣẹ ọ̀hún a jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù wá ń di tirẹ̀, débi pé bí o bá jókòó sídìí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ, bí ẹni tó wọ oko olóko lálẹ́ ni o ṣe máa rí. Guy Steele bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ sójú kan, Richard Stallman ni ó bá a parí rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Emacs. Ọdún kan náà ni Bill Joy ń kọ ẹ́dítọ̀ tirẹ̀, vi, ní Berkeley. Èmi ń yí róòlù ní Ṣàgámù.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ Emacs tí Stallman fúnra rẹ̀ máa ń sọ, tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Ní 1978, Bernard Greenberg tún Emacs kọ fún ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Multics. Èdè Lisp ni ó fi kọ ọ́, èdè tí John McCarthy ti gbé kalẹ̀ láti 1958, èdè yẹn náà ni ó sì fi sílẹ̀ nínú ẹ́dítọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn tó ń táìpù lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn kò sọ níbì kankan pé kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó kàn sọ pé báyìí ni ẹ ṣe lè mú ẹ̀rọ yìí bá iṣẹ́ yín mu. Wọ́n kà á, wọ́n ṣe é, ó jẹ́ fún wọn. Ká ní ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni, wọn kì bá tí sún mọ́ ọn.

Onítáìpù bíi tèmi ni wọ́n. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. (Ẹ má sì fojú kéré onítáìpù o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, iṣẹ́ táípù àti ìkọ̀wé kíákíá tí wọ́n ń pè ní ṣọ́tháǹdì ni ó fi jẹun nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì ṣe akọ̀wé ní Wesley College n'Íbàdàn kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.)

Kí ni mò ń pè ní èdè inú ẹ́dítọ̀ gan-an? Wo télọ̀ tó mọṣẹ́. Bí ó bá rán bùbá fún ọ, kì í gé etí aṣọ kúrò pátápátá níbi ìránpọ̀. A fi díẹ̀ sílẹ̀ sínú, nítorí ó mọ̀ pé o lè sanra lọ́la. Ẹni tó bá ra aṣọ tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ dànù, ọjọ́ tó bá sanra ni aṣọ kú. Púpọ̀ nínú ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù wa, wọ́n ti gé etí rẹ̀ dànù kí wọ́n tó tà á. Bí ẹni tó ṣe é kò bá rántí Yorùbá, Yorùbá kò sí nínú rẹ̀ nìyẹn, o máa jókòó máa retí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́dítọ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹni tó rán wọn fi etí aṣọ sílẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú sínú àpò rẹ̀ fún ọ. Abẹ́rẹ́ àti òwú yẹn ni èdè náà. Ní Emacs, Lisp ni. Ní Vim, tó tẹ̀lé vi, Vim script ni. Ní Neovim, tó tẹ̀lé Vim, Lua ni. Àwọn tó ń lo VS Code, tó jáde ní 2015, JavaScript tàbí TypeScript ni tiwọn.

Bí mo ṣe bá a pàdé nìyí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo rò pé ìyà róòlù ti tán. Kò tán. A máa ń wá fọ́ǹtì kan láti fi kọ Yorùbá, ó máa ń dára lójú wa, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, a di àpótí kéékèèké tàbí àmì owó òyìnbó láàárín ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2015, ọmọ yunifásítì kan wá ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà kì í lo ètò tí gbogbo wa ń lò. A ṣí ojú dúdú kan báyìí, kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì. Mo ní kí ni èyí. Ó ní, "Bàbá, Vim ni." Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ojú dúdú náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bẹ ẹni tó bá ṣí i pé kó ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ ní Ùgáńdà.

Mo rò pé àwọn oníjìbìtì ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ṣe Vim, tó gbé e jáde fún aráyé ní 1991, lo ọ̀pọ̀ oṣù ní 1994 ní Kibaale, ní gúúsù Ùgáńdà, níbi tí àìsàn éèdì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìlóbìí. Nígbà tó padà sílé, kò gbàgbé wọn. Kò ta ètò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ dúpẹ́, kí ó lọ fi owó ran àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́. Ó ti kú báyìí, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọmọ ọdún 62. Ọ̀rọ̀ Ùgáńdà yẹn ṣì wà lójú Vim. Èmi ò mọ iye òyìnbó tó máa ń ṣí iṣẹ́ òòjọ́ wọn pẹ̀lú orúkọ ilẹ̀ adúláwọ̀ lójú, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i, n kò sì purọ́.

Àwa tí a mọ àáró, tí a mọ ọ̀wẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà fi hàn mí kò tó ìlà kan. Ó tẹ `:iabbrev sgm Ṣàgámù`. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ sgm, kí n tẹ àlàfo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣàgámù jáde, pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì ohùn rẹ̀, kò ku ọ̀kan. Mo tún un ṣe. Ó tún jáde. Ọmọ mi, mo dìde lórí àga. Mo rántí róòlù, mo rántí bíró alẹ́. Mo sọ fún un pé kí ó kọ Ìkẹ́nnẹ́ sí i, kí ó kọ Ìpẹ́rù, kí ó kọ Akárìgbò, orúkọ oyè ọba wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ fúnra yín ni ẹ máa kọ ọ́." Ó ṣí fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní `.vimrc`, ibi tí Vim ti máa ń lọ ka ohun tí olówó rẹ̀ fẹ́ láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kúrò nídìí kíbọ́ọ̀dù.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, láti ẹnu ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ-ọmọ: bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn ọ́. Má lọ wá ìwé ńlá kan kà tán kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀rọ̀ wo ni ò ń kọ lójoojúmọ́ tó ń sú ọ? Kọ́ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ yẹn lónìí.

Ìkejì ni mákírò. Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jì í, obì ló ṣà ní Ṣàgámù títí ọjọ́ ogbó. Obì gbànja ti ìlú wa, àwọn Hausa Sábó ló ń rà á lọ sí Òkè Ọya. Bí ó bá gba ọmọ tuntun sídìí obì, kì í wàásù fún un. A ní, "Wo ọwọ́ mi." A mú obì kan, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, a wo bí ó ṣe tóbi tó, a jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà a ní, "Ó yá, ṣe é bẹ́ẹ̀." Bí mákírò ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú Vim, o máa tẹ q, o máa tẹ a, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "wo ọwọ́ mi". O máa ṣe iṣẹ́ náà lórí ìlà kan. O máa tún tẹ q, pé ó tán. Láti ìgbà náà lọ, bí o bá tẹ @a, ẹ̀rọ a ṣe ohun tó rí ọ tí o ṣe. Emacs náà ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé ìwé orúkọ wá fún mi nígbà kan, orúkọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo rẹ̀ ló fi orúkọ bàbá sẹ́yìn, wọ́n sì fẹ́ kó wà níwájú. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀rọ lórí orúkọ kan ṣoṣo, mo ní kí ó ṣe ìyókù. Tíì tí mo pò kò tíì tutù nígbà tó tán.

Níbẹ̀ ni orí mi wú. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìgbéraga ṣe fún mi.

O mọ̀ pé nínú àkọtọ́ àtijọ́, sh ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ ṣ. Shagamu ni ìlú wa nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni Oshogbo, bẹ́ẹ̀ ni Ilishan. Ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí a lo ṣ. Ẹbí kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá, ojú ìwé mẹ́rìnlélógún, sh pọ̀ nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo ní ẹ jẹ́ n fi ọgbọ́n tuntun mi hàn. Mo tẹ `:%s/Sh/Ṣ/g`, ìyẹn ni pé nínú gbogbo ìlà, ibikíbi tí o bá ti rí Sh, fi Ṣ rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò pé. Mo tẹ ìwé náà jáde ní igba ẹ̀dà.

Shagamu di Ṣagamu, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olóògbé ti ṣiṣẹ́ ní Shell rí: ó di Ṣell. Orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ tó pe Olúwa ní Shepherd: ó di Ṣepherd. Èyí tó wá burú jù lọ, orúkọ ìdílé olóògbé fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi Sh kọ láti ayé bàbá ńlá wọn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé báǹkì, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fín in sára òkúta ibojì. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ òkú. Ẹ̀gbọ́n ìdílé náà wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Ta ló bí wa fún yín?" Èmi ni mo san owó ìtẹ̀wé ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà kò gbọ́ òwe yẹn rí. Iṣẹ́ ẹrú tí o bá rán an, ẹrú ni ó máa fi jẹ́ ẹ, kò ní yọ kúrò níbẹ̀, kò ní fi kún un. Ìwọ tí o rán an ni o gbọ́dọ̀ fi tọmọ rán an. Lẹ́tà c kan ṣoṣo péré ni n kò fi sí ìparí àṣẹ yẹn. Ká ní mo kọ ọ́ ní `gc` ni, Vim ì bá máa dúró níbi Sh kọ̀ọ̀kan, a máa bi mí bóyá kí òun yí i padà tàbí kí òun fi í sílẹ̀, èmi a sì máa dáhùn y tàbí n. Títí dòní, bí orúkọ èèyàn bá wà nínú ìwé, n kì í fi c sílẹ̀. Ó máa ń fi iṣẹ́jú mẹ́wàá kún iṣẹ́ mi, mo ti fara mọ́ ọn.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́, nítorí kò sí nínú ìwé tí àwọn òyìnbó kọ fún ara wọn.

Ẹnì kan kó àkọsílẹ̀ nípa ìlú Ìkẹ́nnẹ́ wá fún mi, ọwọ́ èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kọ ọ́. Mo fẹ́ wá gbogbo ibi tí orúkọ ìlú náà ti jáde. Ẹ́dítọ̀ bá mi rí mẹ́ta. Ojú èmi fúnra mi rí ju ogún lọ. Mo nu awò mi. Mo tún un wá, mẹ́ta náà ni. Ọmọ yunifásítì mi ti padà síléèwé nígbà náà, mo pè é lórí fóònù, ó ní kí n gbé atọ́ka sórí ẹ́ kan, kí n tẹ g, kí n tẹ a. Vim sọ fún mi pé lẹ́tà yẹn ní nọ́ńbà méjì nínú: 7865 àti 769. Ó ní kí n lọ sórí ẹ́ mìíràn, tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ lójú mi rárá. Vim ní: 233 àti 803.

Ṣé o rí i? Lẹ́tà kan náà lójú, aṣọ méjì ní abẹ́ agbádá. Èyí àkọ́kọ́, wọ́n mú ẹ tó ti ní àmì abẹ́, wọ́n gbé àmì òkè lé e. Èyí èkejì, wọ́n mú é tó ti ní àmì òkè, wọ́n wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ kẹta tún wà: e lásán, tí wọ́n fi àmì méjèèjì lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹ́nnẹ́ ní ẹ́ méjì, nítorí náà, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni èèyàn fi lè kọ ẹ́ méjèèjì yẹn tí ojú kò ní mọ̀, tí ẹ̀rọ yóò sì pè wọ́n ní ìlú mẹ́sàn-án. Bí o bá ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o kò rí i, tí o sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, má kàn dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi.

Ohun tó fà á ni pé nínú Unicode, ìwé ńlá tí wọ́n ti fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Kódà, ibi tí ẹ àti ọ jókòó sí nínú ìwé náà, àgbègbè àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni. Ọkọ̀ ẹlòmíràn la wọ̀ débẹ̀. Àwọn ará Vietnam ní lẹ́tà alámì méjì tiwọn tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwa ò ní, wọn kò sì ní fún wa mọ́, nítorí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni òfin ìbọ́ṣọdọ́gba: a lè sọ pé kí gbogbo ẹ́ inú ìwé bọ́ aṣọ wọn, kí wọ́n wọ ẹyọ kan náà. Emacs ní àṣẹ rẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀, `ucs-normalize-NFC-region` ni orúkọ rẹ̀. O ya ibi tó wù ọ́ sọ́tọ̀, o pe orúkọ yìí, ó tán. Fún Vim, mo kọ ìlà mélòó kan fúnra mi pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì so ó mọ́ bọ́tìnì kan. Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ Yorùbá tó bá wọlé, mo kọ́kọ́ ń tẹ bọ́tìnì yẹn, bí ẹni fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

N kò ní kí o má lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá o. Àwọn èèyàn wa ti ṣe gudugudu méje níbẹ̀: Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlà àti ilé-iṣẹ́ Alt-i n'Íbàdàn, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá ìwé atúmọ̀ orúkọ YorubaName sílẹ̀, tí wọ́n sì fún aráyé ní kíbọ́ọ̀dù lọ́fẹ̀ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù a bá ọ kọ ohun tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ní ìkọkúkọ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ó wà káàkiri nínú fáìlì ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ààfin àti iléèwé, èdè inú ẹ́dítọ̀ ló lè tún un ṣe.

Mo ní ìkìlọ̀ méjì, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Èdè tó lè ṣe rere fún ọ lè ṣe ibi bí ó bá wá láti ọwọ́ ẹni tí o kò mọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì Melissa gba inú èdè tó wà nínú Word, ètò ìkọ̀wé Microsoft, jáde. Bí ẹnì kan bá ṣí ìwé tó wà nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà a fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta èèyàn tó ṣáájú nínú ìwé àdírẹ́sì onítọ̀hún. Ó di 2022 kí Microsoft tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mákírò tó bá wá láti íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Nítorí náà, kóòdù tí o bá rí níbì kan, kà á kí o tó lò ó. Bí o kò bá lóye rẹ̀, má tíì lò ó.

Ìkejì, mo ti rí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹ́dítọ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti ọdún tó kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ lónìí, àwọ̀ mìíràn lọ́la, àfikún (plugin) ogójì. O bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti fi kọ, wọ́n ń wò ọ́. Ẹni tó ń pọ́n àdá láti àárọ̀ tí kò ṣán igbó, kí ni ká pe tirẹ̀?

Ó ku ohun kan tó máa ń mú mi ronú lóru. Lua tí wọ́n fi sínú Neovim, tí ọmọ Bùràsíìlì kan, Thiago de Arruda, bẹ̀rẹ̀ ní 2014, Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí i. Ní 1993, ní yunifásítì PUC-Rio, àwọn mẹ́ta, Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes, ṣe é nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ìlú wọn kò jẹ́ kí ríra ohun èlò kọ̀ǹpútà láti òkèèrè rọrùn, ilé-iṣẹ́ epo wọn sì nílò iṣẹ́. Wọn kò rí rà, wọ́n ṣe tiwọn. Òṣùpá ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè wọn. Lónìí, ó wà nínú eré orí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́, Táí Ṣólàárín ni mo rántí, tó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní 1956, tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ sóko, tó ń kó wọn sídìí bíríkì, pé ohun tí a bá lè fọwọ́ ara wa ṣe, kí a má dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá náà pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, ká ní ó bá ayé kọ̀ǹpútà dáadáa ni, mo mọ̀ pé ì bá máa lé àwọn ọmọ náà dé ìdí Vim.

Bí o kò bá ní kọ̀ǹpútà, má fi ṣe àwáwí. Ètò kan wà fún fóònù Android tí ń jẹ́ Termux, ọ̀fẹ́ ni, Vim àti Emacs méjèèjì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Fóònù náà sì máa ń ní iná lọ́wọ́ nígbà tí Nẹ́pà bá mú tiwọn lọ.

Fáìlì mi ti di ìlà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo fẹ́ kí orúkọ àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, tàmì-tàmì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ yìí má ṣe tún fi àmì òdì sórí ìlú onílùú mọ́. Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ́rù, Ìlíṣàn àti Òde Rẹ́mọ ti wà níbẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké ni ó kù, àwọn tí ó jẹ́ pé láìlámì ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ìlú ìyá rẹ tàbí ti bàbá rẹ, lọ bá ìyá àgbà nílé, ní kí wọ́n pè é sí ọ létí lẹ́ẹ̀mẹta, fi àmì sí i bí o ṣe gbọ́ ọ, kí o sì kọ ìlà rẹ̀ sínú fáìlì tìrẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ìyá àgbà tó lọ.